Orúkọ Ọkọ̀ Kọ́ Ló Ń Di Bọ́ńpà Mú

ṢADÉ: Bọ̀ọ̀dá Tájù, ẹni tó ń wá bọ́ńpà ẹ̀yìn tòkunbọ̀ fún Lexus RX350, tó sì rí ọlọ́jà kan ní ọjà Ládípọ̀ tó ní ti RX350 ló wà lọ́wọ́ òun, kí ló tún kù tó máa yẹ̀ wò?

TÁJÙ: Ó kù púpọ̀. Orúkọ tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀tù kì í sọ irú ara tí jíìpù ní. RX330 ti 2004 sí 2006 àti RX350 ti 2007 sí 2009, ara kan náà ni wọ́n. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n pààrọ̀. Ìgbà tó kan RX350 ti 2010, Lexus gbé ara tuntun jáde, wọn ò sì yí orúkọ padà. Bọ́ńpà RX330 lè wá bá RX350 ti 2008 mu, kí ti RX350 ti 2011 má gbà rárá. Ẹni tó ń fi orúkọ rajà á kọ èyí tó yẹ kó mú, á wá sanwó fún èyí tí kò ní wúlò fún un. Ọdún pàápàá ń tan èèyàn, torí ti 2010 yẹn ti wà nígboro Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2009. Ṣáàsì nọ́ńbà ni kó wò. Lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tó wà ní ipò kẹwàá nínú ti ọkọ̀ Amẹ́ríkà ló ń sọ ọdún: 9 ni 2009, A ni 2010.

ṢADÉ: Àwọn ọlọ́jà kì í dúró gbọ́ ìyẹn. Wọ́n á ní ojú àwọn ti mọ̀ ọ́n.

TÁJÙ: Ojú wọn mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ẹni tó ń tú ọkọ̀ lójoojúmọ́ mọ nǹkan tí ìwé ò kọ. Àmọ́ ohun tó ya bọ́ńpà méjì sọ́tọ̀ kì í sábà hàn níta. Yí i padà, kí o wo inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ sí. Ti bọ́ńpà ẹ̀yìn Toyota àti Lexus sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 52159. Ìyókù ló ń sọ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe é fún. Wo ihò sẹ́ńsọ̀, wo ibi tí ojú sàlẹ́ńsà ti ń yọ, wo igun tó kan táyà, torí RAV4 kan ní ìgbátí lókè táyà, òmíràn ò ní. Àwọn etí kéékèèké tó ń há mọ́ ara ọkọ̀ ni mo kà sí jù: fi ìka tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti kán tí wọ́n fi iná lẹ̀, ojú ibẹ̀ máa ń rí ṣákiṣàki. Gbogbo èyí rọrùn bí bọ́ńpà àtijọ́ bá bá ọ dé ọjà, bó tilẹ̀ fọ́ sí mẹ́ta. Tẹ́ méjèèjì sílẹ̀, inú sókè, kí o máa fi etí wé etí.

ṢADÉ: Pánẹ́ẹ̀lì bítà á ní kó o gbé e wá, òun á gé e, òun á fi iná tẹ̀ ẹ́, á wọlé.

TÁJÙ: Iṣẹ́ kan wà tó lè ṣe, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ihò sẹ́ńsọ̀ tí kò wúlò, ó lè dí i kí wọ́n tó kùn ún. Ṣùgbọ́n bí igun bọ́ńpà ò bá kan bùrákẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó gbé e dúró, ohun tó kù fún un ni kó gbá sùkúrúù gba ojú ọ̀dà wọlé. Bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n, ihò sùkúrúù á máa fẹ̀, igun á sì ṣí sílẹ̀. Ẹ̀dínwó tó rí lọ́jọ́ tó ra bọ́ńpà ti bá a lọ nìyẹn.

ṢADÉ: Wọ́n ṣáà ní èèyàn lè dá a padà.

TÁJÙ: Ta ló máa gbà á lẹ́yìn tí ọ̀dà tuntun bá ti kàn án? Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sára ọkọ̀ láìkùn ún, kí gbogbo kílíìpù wọlé, kí wọ́n ṣí bọ́ọ̀tù kí wọ́n pa á dé, kí wọ́n wo àlàfo abẹ́ iná méjèèjì bóyá ó dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, má tíì dá ọlọ́jà lẹ́bi. Ọkọ̀ tí wọ́n gbá lẹ́yìn, irin inú bọ́ńpà lè ti wọ́, tàbí kí ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti yẹ̀.

ṢADÉ: Wọ́n ń ta irin yẹn náà?

TÁJÙ: Wọ́n ń tà á. Béèrè fún un pẹ̀lú fóòmù tó wà láàárín òun àti bọ́ńpà, kí o sì tẹ fóòmù náà wò. Èyí tó bá ti rún ò lè gba ìgbá kankan mọ́.