Mo Sáré Torí Ikùn, Wọ́n Bá Mi Sá

Láti ìgbà tí mo ti lé ní ogójì ọdún ni mo ti ń pe ikùn mi ní àmì ìgbádùn, títí di ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ní kí n gun ìwọ̀n. Kílò 98. Ó wọn gíga mi: mítà 1.68. Ó fi gíga náà lọ́po ara rẹ̀, ó fi pín kílò, ó rí 34.7. Ó ní tó bá ti dé 25, ara ti ń wúwo jù. Tó bá dé 30, sísanra ti di àrùn nìyẹn.

Mo pinnu láti máa sáré. Ìgbà kan wà tí eré sísá rọrùn ní Ṣógúnlé tí mò ń gbé. Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, ìjọba Èkó á ní kí kálukú jókòó sílé tún àyíká ṣe, títì á sì dá páropáro. Oorun ni mo ń sùn nígbà náà. Lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí kónílé-ó-gbélé yẹn ní 2016 ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí eré ìdárayá.

Mo wọ ṣòkòtò péńpé, mo bọ́ sí Agege Motor Road ní kùtù, mo doríkọ Òṣòdì. N ò tíì rìn jìnnà tí mo fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo wẹ̀yìn, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé báàgì kọ́rùn, ó ń sáré bọ̀. Obìnrin kan bọ́ bàtà, òun náà ki eré mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà lé mi bá.

"Dádì, kí ló ń lé wa? Ṣé àwọn àgbèrò ló ń jà ni?"

Èémí ò jẹ́ kí n fèsì. Mo kàn na ọwọ́ síwájú pé kó máa lọ. Ló bá figbe ta: "Ẹ máa sá o!" Ìyá alákàrà ti gbé agbada kúrò lórí iná kí ọ̀rọ̀ tó yé wọn. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin: "Bàbá, ẹ ò ṣe sọ pé ikùn lẹ̀ ń lé?" Mo ra àkàrà púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi bẹ̀ ẹ́. Èmi náà ni mo jẹ ẹ́ tán.

Mo kọjú sí oúnjẹ. Mo fi ẹ̀bà sílẹ̀, mo fi àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Torí pé òkèlè mi ò lẹ́ṣẹ̀, mo ń fi ẹ̀gúsí tó ki pọ́pọ́ jẹ ẹ́. Bí ìdajì ẹ̀gúsí, òróró ni; gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9, ti sítáàṣì ò ju 4 lọ. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa tó bí kálórì 120, èmi sì ń fi ojú wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo padà gun ìwọ̀n, ó ti di kílò 100 géérégé.

Ìyàwó mi gba ìgbakọ lọ́wọ́ mi. Òkèlè dín kù, ẹ̀fọ́ pọ̀, ó ń fi ṣíbí ka epo. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní eré ìdárayá ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ló yẹ àgbàlagbà, ìrìn kánmọ́kánmọ́ náà sì wà níbẹ̀, ni mo bá ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé láti Ìkẹjà. Díẹ̀díẹ̀, ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí mi.

Inú mi dùn, àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o?" Aládùúgbò kan bá mi lọ́nà níbi tí mo ti ń làágùn, ó ki owó bọ̀ mí lápò: "Ẹ fi wọkọ̀. Ọlọ́run á ṣe é."

Mo dúpẹ́, mo gbà á. Ara ló rù, ọgbọ́n ò rù.