Ọwọ́ Wa Ni Koríko Ń Kú Sí

Bí wọ́n bá ní kí wọ́n kó gbogbo àwa tí a ti pa koríko iwájú ilé ní Alímọ̀ṣọ́ lọ sí kóòtù, kóòtù Ìkẹjà kò ní gbà wá. Èmi náà yóò wà níbẹ̀, n kò sì ní gba lọ́yà, torí kò sí èyí tí n kò jẹ̀bi nínú ẹ̀sùn náà. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní fún adájọ́: kí ó dá oòrùn sílẹ̀. Láti Ìkọ̀tún dé Ẹgbẹ́dá dé Ìgàndó, oòrùn ni gbogbo wa ń nàka sí. A ní oòrùn Èkó ti le jù, koríko kò lè gbé e. Irọ́ gbáà ni. Ẹ wo etí títì tó lọ láti LASU sí Ìṣẹrí, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tí ẹnikẹ́ni kò bu omi sí rí: káápẹ́ẹ̀tì gíráàsì tẹ́ síbẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀. Oòrùn kan náà ló ń pa á, kò sì kú. Èyí tí a fi owó rà, tí a ń bomi rin láàárọ̀ lálẹ́, òun ló gbẹ.

Irú koríko méjì ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn olódòdó tí ń pàtẹ sí etí títì wa: káápẹ́ẹ̀tì gíráàsì tí ewé rẹ̀ fẹ̀, àti Bàhámà tí ewé rẹ̀ rí tín-ín-rín. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ooru. Bí ooru bá wà láàárín ìwọ̀n 27 sí 35 ti Celsius ni ara wọn máa ń yá jù. Ìyàtọ̀ wọn ni pé káápẹ́ẹ̀tì ń fara da ibòji, Bàhámà kò fẹ́ ẹ rárá, nítorí náà ẹni tó tẹ́ Bàhámà sábẹ́ igi máńgòrò kò ní ẹjọ́ kankan bá olódòdó rò. Ibi tí a ti ń gba ìmọ̀ràn gan-an ni wàhálà wa. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń kà lórí fóònù, àwọn ará Maryland àti Virginia ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, ni wọ́n kọ ọ́ fún. Òtútù ibẹ̀ le fún koríko ilẹ̀ olóoru, ooru ibẹ̀ sì le fún koríko ilẹ̀ olótùútù. Èyí tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbìn, tall fescue, kì í gbádùn ooru oṣù Keje àti Kẹjọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fún un ní ajílẹ̀ nígbà náà, àfi tó bá di oṣù Kẹsàn-án. Àwa náà wá gbé kàlẹ́ńdà wọn kọ́ ògiri. Oṣù Keje tiwa, òjò ni. Oṣù Kejì àti Kẹta ni ooru tiwa. Ẹ wo ará Ìgàndó tó ń dáàbò bo koríko lọ́wọ́ ooru nígbà tí omi òjò ti ń wá ilẹ̀kùn rẹ̀ kiri.

Lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, ó ku ọwọ́. A máa ń gé koríko kanlẹ̀ kí ó má baà tètè hù, à ń gbàgbé pé ewé ló fi ń wá oúnjẹ. Ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ ni kí èèyàn gé lẹ́ẹ̀kan. A máa ń da ìgbẹ́ adìẹ tútù lé e lórí, bẹ́ẹ̀ èyí tí kò tíì jẹrà ń jó gbòǹgbò ni. Oògùn apakoríko wá ni ti ìtìjú. Glyphosate kò mọ koríko olówó yàtọ̀ sí ti igbó, gbogbo ohun tó bá fara kàn ló ń pa, ṣùgbọ́n òun náà ni a ń fín sáàárín ọgbà pé kí ó bá wa lé patanmọ́ jáde. Patanmọ́ pa ewé rẹ̀ dé, ó kú, gbogbo koríko sì bá a lọ. Oògùn 2,4-D ni ó ń pa eléwé gbòòrò, tí ó ń dá koríko sí. Ṣùgbọ́n kò ní ran èèyàn lọ́wọ́ púpọ̀ lórí ìbátan ọ̀fíò tí ó máa ń yọ lójijì láàárín koríko. Ẹ fi ìka méjì yí igi rẹ̀: igun mẹ́ta ló ní, ewé rẹ̀ sì ń dán. Kóró dúdú wà nísàlẹ̀ rẹ̀, okùn tín-ín-rín so ọ̀kan mọ́ èkejì. Bí a bá fà á tu pẹ̀lú ìbínú, okùn yóò já, kóró tó kù nílẹ̀ yóò sì hù níkọ̀ọ̀kan. Ọkọ́ ni kí ẹ fi wú u, kí ẹ ṣa kóró rẹ̀.

Ẹnìkan yóò ní omi wọ́n, pé bọ̀hóólù ń jẹ epo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló ní kí a máa wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́? Irú omi bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí gbòǹgbò wọlẹ̀ lọ. Ẹ bù ú púpọ̀ ní òwúrọ̀, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí Bàhámà bá sì pọ́n nígbà ọyẹ́, igi rẹ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ kò tíì kú. Òjò oṣù Kẹrin yóò jí i. Ẹlòmíràn ní ilẹ̀ ló burú. Mo gba ti ẹni yìí, nítorí tíípà tó kó yanrìn wá ti tẹ ilẹ̀ pupa wa mọ́lẹ̀, bíríkìlà sì ti sin àfọ́kù búlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Dígà ni ó kàn, kì í ṣe ajílẹ̀. Àwọn tó ní kí a kúkú tẹ́ ìntálọ́ọ̀kì, kí wọ́n bi aládùúgbò tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ léèrè ibi tí omi òjò wọn ń gbà. Ní ti ejò tí àwọn kan ń bẹ̀rù nínú koríko, inú igbó ló ń sá sí, koríko tí a ń gé déédéé kò lè bò ó láṣìírí.

Ẹni tó bá fẹ́ gbin koríko lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ rọ̀ dáadáa, kí ẹ sì gbé àdá pamọ́ títí tí yóò fi bo ilẹ̀. Ní ti ewúrẹ́ àdúgbò tó ń jẹ ẹ́, ẹ lọ bá ẹni tó ni wọ́n. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ koríko.