Sí àbúrò mi tó ti ara rẹ̀ mọ́lé ní Kado

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Adákẹ́jẹ́ẹ́,

O wọ mọ́tò láti Ìbàdàn dé Abuja, odindi ọjọ́ kan, gbogbo ohun tí o bá ẹni tó jókòó tì ọ́ sọ kò ju "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀" lọ. O ní ariwo ilé mi ní Lugbe ti pọ̀ jù, o lọ gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì ní Kado, o tìlẹ̀kùn, o wá ń pè mí lórí fóònù pé o fẹ́ mọ èèyàn. Ṣé abẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n máa gbà wọlé ni?

N ò ní kí o di Àjàlá. Ọlábísí Àjàlá gun kẹ̀kẹ́ la Amẹ́ríkà já ní 1952, ó tún fi alùpùpù Vespa káàkiri ayé. Agbádá àti ẹnu rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹnu tìrẹ náà wà, ó kàn ń sinmi ni.

Gbé e lọ sí ọjà ẹja Kado nírọ̀lẹ́. Dúró níwájú ọpọ́n ẹja àrọ̀, kí o na ìka sí èyí tó wù ọ́. Ìka nìkan ti tó! Ẹlẹ́ja á gbé e sórí òṣùwọ̀n, á dá iye lé e, ìwọ á ní ó ti pọ̀ jù. (Má sọ pé ojú ń tì ọ́. Ọmọ ìyá wa ni ọ́, o mọ ọjà ná.) Wọ́n á pa á, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi ata àti àlùbọ́sà kùn ún, ó di orí iná èédú. Iná yẹn kì í kánjú. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró á jókòó sórí àga oníke, èéfín á máa kó sí yín lójú, kò sì sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní ìdí tí o fi dákẹ́, torí ẹja ni gbogbo yín ń wò. Bí ẹnìkan bá ń nu ojú, "ẹ pẹ̀lẹ́" ti tó. Bí ọmọ Hausa ló ń fẹ́ná, "sannu da aiki".

Lẹ́yìn ìyẹn, bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ pé níbo ló ti wá, kí o sì panu mọ́. Òfin oṣù Èrèlé 1976 ló yan ilẹ̀ Abuja fún olú-ìlú, oṣù Ọ̀pẹ 1991 ni ìjọba kó dé láti Èkó. Yàtọ̀ sí àwọn Gbagyi àtàwọn yòókù tó nilẹ̀, àlejò ni gbogbo wa. Ará Kano, ará Benue, ará Ọ̀fà, kálukú ló ní ìtàn bó ṣe dé. Tí wọ́n bá wá kan ọ̀rọ̀ owó ilé, ẹja á jinná kí wọ́n tó mí. Ìwọ ṣáà máa mi orí.

Má ní kí n wá bá ọ jókòó o. Bí mo bá wà níbẹ̀, èmi nìkan ni wàá máa bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì ní kí o bá òun lọ síbòmíì lálẹ́, sọ fún un pé àǹtí rẹ ń dúró de ẹja.

Irọ́ kọ́. Di orí ẹja náà sí fọ́ìlì fún mi; àwọn aláriwo wọ̀nyí ti ń béèrè.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ ní Lugbe