Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Jẹ́nótáìpù

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ ṣọ́ra fún ọmọ tó bá ti wọ SS3. Èyí tó ń sá fún mi láti kékeré ní Ìlobùú níbí ti di agbẹjọ́rò ìjọba sí mi lọ́rùn. Iṣẹ́ bàọ́lọ́jì ló gbé wálé: kó ya ìran wọn sínú ìwé. Ọkùnrin, àpótí, obìnrin, róbótó, ẹni tó bá ní àrùn ìdílé, kó kùn ún dúdú. Gbogbo wàhálà tí mo ṣe láyé, àpótí ni mo já sí.

Ìyá ìyàwó mi ti Ìfọ́n wá kí wa. Lóòótọ́, nítorí ilẹ̀, ìjọba ti kéde kónílé-ó-gbélé fún ìlú wọn àti tiwa rí, ṣùgbọ́n a ti fẹ́ra wa kọjá ààlà. Màmá gbọ́ tí ọmọ ń sọ pé àfín kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyọ̀, pé bàbá àti ìyá tó dúdú lè jọ gbé e pamọ́ sára kí wọ́n tó bí i, pé Mendel kan ló fi ẹ̀wà rí ìlànà ẹ̀, tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866.

"Mendel ọmọ ta ni? Ìlú Òrìṣà Olúfọ́n ni wọ́n ti bí mi. Ẹni òòṣà ni àfín. Tíṣà yín ò dárúkọ Ọbàtálá?"

Ìyẹn ṣì kéré. Ọmọ béèrè jẹ́nótáìpù wa. Mo yọ káàdì tí a gbà ká tó ṣègbéyàwó: èmi AA, ìyá ẹ̀ AA. Tiẹ̀ tí wọ́n ṣe láìpẹ́, AS. Ó ya ojú mẹ́rin sínú ìwé, ó to A sókè, ó to A sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọ AA sí gbogbo ẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Bàámi, AA àti AA ò lè bí AS o."

Ilé pa lọ́lọ́. Ìyá ẹ̀ tó ń ro àmàlà fi omorogùn sínú ìkòkò. Màmá ní kí n tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ, èmi tí n kò tíì lanu!

Ó di Òṣogbo. Owó ọkọ̀, owó àyẹ̀wò ẹni mẹ́ta. Èsì jáde: èmi ni AS. Àwọn tó kọ AA fún mi lọ́jọ́sí ló kọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń ya ẹ̀jẹ̀ yìí sọ́tọ̀. A á sáré síwájú, S á wà lẹ́yìn. Níbi tí iná ò sí, kí ni A fẹ́ fi sáré?

Ká ní AS ni ìyàwó mi náà ńkọ́? Ó kúkú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú mẹ́rin tó ní in ní Nàìjíríà. A ì bá fi káàdì irọ́ fẹ́ra, kí oyún kọ̀ọ̀kan sì máa ta tẹ́tẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin: fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé, tó ń dí ọ̀nà ara ẹ̀, tí egungun ọmọ ń ro ó lóru. Àwọn bàbá wa ì bá sọ ọ́ ní Málọmọ́, wọn ì bá ní àbíkú ni.

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ojú mẹ́rin yẹn tó wọ ilé onílé, ẹ kọ́kọ́ ní káwọn òbí lọ tún àyẹ̀wò wọn ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ gbéyàwó, ẹ ṣe é níbi méjì, kí ọ̀kan ó kéré tán ní jẹnẹrétọ̀.