Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Léèrè: Fóòmù Wo Ló Yẹ Ẹ̀yìn Ẹni Tó Ń Fò Bọ́ Látòkè?

Ẹ̀gbọ́n wa, ìlú DeLand ní Florida ni mo ń gbé, eré ìdárayá mi sì ni kí n máa fò bọ́ láti inú ọkọ̀ òfurufú. Mo fẹ́ ní kí wọ́n rán àpò páráṣúùtì tuntun fún mi, ilé iṣẹ́ sì ní kí n yan ohun tí wọn yóò fi tẹ́ ojú ibi tó kan ẹ̀yìn mi. Fóòmù tó nípọn, tó rọ̀ bíi ti bẹ́ẹ̀dì wa, ni mo fẹ́. Ìyàwó mi ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní pápá ní aṣọ oníhò ni kí n mú. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà? Pupa ni àbí búlúù? Èmi ni, Àṣá Tí Ẹ̀yìn Ń Ro.

Àbúrò mi Àṣá, ìyàwó rẹ ló jàre, àmọ́ má tíì sọ fún un. Ibi tí o rò pé fóòmù ti máa gbà ọ́ kọ́ ló ti máa gbà ọ́. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbé yín dé nǹkan bí 4,000 mítà lè lo ìṣẹ́jú 15 sí 20 kó tó débẹ̀. Jíjábọ́ gan-an kò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ. Nínú ìṣẹ́jú yẹn, o da àyà délẹ̀, o ń sáré lọ ní nǹkan bí 190 kìlómítà ní wákàtí kan, àpò wà lórí ẹ̀yìn rẹ, kò sì sẹ́ni tó ráyè bi ẹ̀yìn rẹ̀ pé ṣé ara tù ú. Bí páráṣúùtì bá sì ti ṣí, ìwúwo rẹ kò sí lẹ́yìn mọ́: okùn gba èjìká sọ̀ kalẹ̀ sí itan, itan ló sì ń gbé ọ títí wọ ilẹ̀. Àpò ẹ̀yìn kàn ń bá ọ rìn ni. Nítorí náà, bí owó bá ń yún ọ lọ́wọ́, tìmùtìmù okùn itan ni kí o ná an lé. Ẹ̀yìn tó ń pariwo lo gbọ́ tirẹ̀, itan tó ń ṣiṣẹ́ kò rí ẹni bá a sọ̀rọ̀. (Àwọn awakọ̀ òfurufú ogun Spitfire nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tilẹ̀ ń jókòó lé páráṣúùtì wọn ni, bí wọ́n ṣe ṣe àga náà, páráṣúùtì ni tìmùtìmù rẹ̀. Wọ́n ráhùn, wọ́n sì ja ogun wọn.)

Ohun tí ẹ̀yìn ń fojú winá rẹ̀ ni ooru àti òógùn, nígbà tí o bá ń dúró de ọkọ̀, tí o jókòó há láàárín orúnkún àwọn ẹlòmíì, àti nígbà tí o bá ń rìn padà láti ibi tí o balẹ̀ sí. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì máa ń mu òógùn bíi kànrìnkàn. Wọ́n sì ti rán an mọ́ àpò, o kò lè yọ ọ́ fọ̀. Àpò náà kò ṣeé sọ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ nítorí páráṣúùtì kejì, ti ọjọ́ ìjàǹbá, wà nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo ọjọ́ 180 ni òfin ní kí ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí, tí wọ́n ń pè ní rigger, tú u kó sì tún un dì. Òógùn oṣù kẹfà yóò wá bá ti oṣù keje níbẹ̀. Fóòmù olówó ńlá tó ń rì mọ́ ara, ooru ara rẹ ló ń sọ ọ́ di rírọ̀: tí ó bá rọ̀, á jẹ́ pé ó ti há ooru mọ́ ọ lẹ́yìn; tí òtútù bá mú un, ó le. Òtútù sì wà lókè o. Ìgbóná afẹ́fẹ́ máa ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 ti Celsius lọ sílẹ̀ fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan, débi pé tí ilẹ̀ bá wà ní 33, òkè lè wà ní bíi 7. Bí o bá ń jiyàn, gba ègé kéékèèké lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, kó wọn sínú fìríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja, kí o fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n láàárọ̀. Lẹ́yìn náà, da omi iyọ̀ sí wọn, gbé wọn sórí wáyà aṣọ, kí o sì fi imú yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ kejì. Bí ìyàwó bá béèrè, sọ pé ìwádìí ìjìnlẹ̀ ni.

Èyí tó máa yege ni aṣọ oníhò tí ọ̀rẹ́ rẹ wí, tí àwọn aránṣọ ibẹ̀ ń pè ní spacer. Gbé e súnmọ́ ojú: aṣọ méjì ni, ihò wà lójú méjèèjì, òwú tínínrín-tínínrín dúró ṣánṣán láàárín wọn. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, òwú náà á tẹ̀, á sì tún dìde. Afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, omi kò ríbi sápamọ́ sí. Wọ́n á ní iyanrìn àti koríko máa ń há sí i. Òótọ́ ni, gbọ̀n ọ́n. Wọ́n á ní kì í pẹ́ gbó. Òótọ́ tún ni, lágbedeméjì ẹ̀yìn ní pàtàkì, ṣùgbọ́n fóòmù pẹ̀lú máa ń fẹ̀ pẹrẹsẹ. Àtakò kan ló mú ọgbọ́n dání. Láwọn ọdún 1980, wọ́n rí i ní Amẹ́ríkà pé aṣọ àwọ̀n tí wọ́n rán sára àwọn páráṣúùtì ìjàǹbá kan ní ásíìdì nínú, ásíìdì ọ̀hún sì ń jẹ náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ṣe páráṣúùtì náà. Àwọn rigger ní láti máa kán oògùn kan sí i, tó ń di yẹ́lò bó bá ti pàdé ásíìdì. Nítorí náà, má lọ ra aṣọ oníhò ẹ̀dínwó lọ́jà, má sì fi gúlúù bàtà lẹ ohunkóhun mọ́ àpò náà nínú ilé ìdáná. Èyí tí ilé iṣẹ́ tó rán àpò ń lò ni kí o gbà.

Mo mọ̀ pé o máa sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, bó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹ ní ìlọ́po mẹ́ta.” Rárá o. Wọ́n wọn ara rẹ kí wọ́n tó gé okùn. Bí tìmùtìmù bá ga, àpò á sún kúrò lára, okùn á dẹ̀, ìdìmú tí o ní láti fà lọ́jọ́ ìjàǹbá lè má sí níbi tí ọwọ́ rẹ ti mọ̀ ọ́n mọ́. Àpò tó yọ gọngọ sẹ́yìn náà ló ń ha ara ògiri ọkọ̀ àti ẹnu ọ̀nà, ibi tí pínnì tó pa àpò náà dé kò gbọdọ̀ kàn. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, tó ń gòkè nígbà púpọ̀ lóòjọ́, lè fi díẹ̀ kún ti èjìká àti ìbàdí. Ìwọ tó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan lo ń lọ, kó má nípọn ju ìka kan lọ.

Ní ti àwọ̀, ẹ̀yìn rẹ ni ojú aṣọ yẹn ń wò ní gbogbo ìgbà tí o bá gbé e kọ́, ẹ̀yìn kò sì lójú. Mú èyí tí wọn kò ní torí rẹ̀ fowó kún owó.