Windows Ló Jẹ Ẹ́

Ẹ wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá ní Bonanjo, ní Douala, ẹ bèèrè ìwé ẹrù tí ẹ ti sanwó rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Yóò kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Yóò fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń nu ojú ọmọ tí ibà ń ṣe. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Wọ́n ṣe àtúnṣe sí Windows ni, ó bá jẹ fáìlì yín."

Àánú rẹ̀ á ṣe yín. Ẹni mẹ́fà ni àánú rẹ̀ ti ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan. Níwájú níbẹ̀ ni La Pagode wà, ilé tí wọ́n kọ́ fún Ọba Manga Ndumbe Bell ní 1905. Ó ṣì dúró gbọin. Ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò rí ara gbé e.

Irọ́ Ọ̀gá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ṣá. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, 2018, Microsoft gbé àtúnṣe 1809 ti Windows 10 jáde, ni àwọn kan bá ń wá ìwé àti fọ́tò wọn tì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi dá a dúró, ó di oṣù Kọkànlá kí wọ́n tó tún gbé e jáde. Àwọn tó fi díìsìkì mìíràn ṣe ibùgbé Documents wọn, tí fáìlì díẹ̀ sì ṣẹ́ kù sí ibi àtijọ́, ló fara gbá a jù: àtúnṣe náà gbá ibi àtijọ́ dànù tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀. Microsoft ní nínú 10,000 ẹ̀rọ, bí ẹyọ kan ló ṣe. Gbogbo ẹyọ kọ̀ọ̀kan yẹn, ọ́fíìsì Ọ̀gá ni wọ́n wà.

Láti ìgbà tó ti gbọ́ ìròyìn yẹn ló ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́. Lẹ́tà tí kò tíì tẹ̀, Windows ti jẹ ẹ́. Rìsíìtì kọ́sítọ́ọ̀mù, Windows. Ẹgbẹ́ ọmọ ilé fi í ṣe akápò, ó ní àkọsílẹ̀ ti bá a lọ. Windows jẹ àkọsílẹ̀, a gbà; owó ńkọ́, ta ló jẹ ẹ́?

Fáìlì kan ṣoṣo ni Windows kò fẹnu kàn: ti àwọn tó jẹ Ọ̀gá lówó. Ìka kan ló fi ń ṣí i, kíá, kò wo bọ́tìnì. Owó ọ̀kadà 500 fáráǹkì tó yá ẹnìkan lọ́jọ́ òjò wà níbẹ̀, tọjọ́ toṣù.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ ilé-ìwé kan tó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wá gbéjú sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó rí bọ́tìnì róbótó aláwọ̀ mẹ́rin ní igun ìsàlẹ̀.

"Bàbá, Windows 7 mà lèyí. 1809 ò kàn án."

Akọ̀wé Ọ̀gá, ọmọ Douala tí kò gbọ́ Yorùbá, gbọ́ "Windows 7". Ikọ́ bá gbé e.

Ọ̀gá rọra fi ọwọ́ bo bọ́tìnì náà. "Ọmọdé ni ẹ́. Òkèèrè ló ti máa ń jẹ ẹ́."