Olùkọ́ Ló Kọ́kọ́ Bọ́ Sómi

Ọjọ́ márùn-ún péré ni mo fi kọ́ iṣẹ́ atukọ̀ ìgbòkun ní Hamble, nítòsí Southampton, níbi tí RYA, ẹgbẹ́ àwọn onígbòkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fìdí kalẹ̀ sí. Competent Crew ni orúkọ ìwé ẹ̀rí náà. Ohun tó túmọ̀ sí kò ju pé ẹni tó ní in mọ bí wọ́n ṣe ń ta kókó, kò sì ní dí ọ̀gá ọkọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo èmi: ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà, tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹja, tó tún wá gba ìwé Òyìnbó lé e. Mo fi ìwé náà sínú férémù. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mi ò mọ odò ó wẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi Òyìnbó tó ní ọkọ̀ wá sọ pé kí n kó àwọn èèyàn mi wá, ká jọ gba Solent kọjá lọ sí Cowes ní erékùṣù Wight, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kí n fúnra mi kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ ààbò. Ọ̀gá ọkọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í tú okùn láìṣe ìyẹn. Mo ní Yorùbá ni màá fi ṣe é, kó lè wọ̀ wọ́n létí. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ po tíì rẹ̀.

Mẹ́ta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Àǹtí, àbúrò màmá mi, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, gbé kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù dání bí ẹni ń lọ sóde. Ìyàwó mi wà níbẹ̀, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ti ń ya ara rẹ̀ ní fọ́tò kó tó gun ọkọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ látorí gáàsì. Mo ní gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò nínú ọkọ̀, ṣe ló máa ṣàn lọ sísàlẹ̀ bí omi, á dùbúlẹ̀ sí ikùn ọkọ̀ jẹ́ẹ́, á máa dúró de ẹni tó máa ṣáná.

“Bí àwọn ará ilé kan,” ni Àǹtí wí, wọ́n sì di ojú.

Mo kó wọn lọ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tó há bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tí o kò bá kọ́kọ́ fi ẹnu jẹ, má jù ú síbẹ̀, àfi ìwọ̀nba bébà. Ẹni tó bá dí páìpù ló máa fọwọ́ tú u. Mo dé orí igi tó na gbalaja lábẹ́ ìgbòkun, tí Òyìnbó ń pè ní boom. Mo ní ìró tó máa dún lágbárí wọn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, bí atẹ́gùn bá gbá a yí tí wọn ò sì tẹrí ba. Irọ́ ni o. Igi lásán ló jẹ́ lédè àwọn ará Họ́láńdì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò tẹrí ba mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Rédíò ńkọ́? Ikànnì 16. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹ pe Mayday lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ dárúkọ ọkọ̀, ẹ sọ ibi tó wà. Mo ṣàlàyé pé Faransé ló bí ọ̀rọ̀ náà, pé “ẹ gbà mí” ló túmọ̀ sí, pé pápákọ̀ òfurufú Croydon ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ láàárín ọdún 1920 sí 1930. Ìpè kejì wà fún ọ̀ràn tí kò tíì dé orí ẹ̀mí, Pan-Pan ni orúkọ rẹ̀. Mo fò ó. Létí mi, ó dún bí orúkọ bisikíìtì ọmọdé.

Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ló tẹ̀ lé e. Agolo kékeré kan wà nínú rẹ̀, gáàsì gíráàmù 33 ló wà nínú agolo. Bí omi bá ti kan án, agolo á tú, rọ́bà á wú. Mo yẹ ti olúkúlùkù wò bóyá agolo rẹ̀ dì dáadáa. Ó wá kan okùn tó ń gba abẹ́ ìtàn kọjá.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ di mí ní gàárì bí ẹṣin ni?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, Àǹtí. Bẹ́ ẹ bá bọ́ sómi láìdè é, jákẹ́ẹ̀tì á gòkè, ẹ̀yin á lọ sísàlẹ̀.”

Wọ́n gbé ẹsẹ̀, wọ́n ń ráhùn, mo dè é. Mo de ti gbogbo wọn. Mi ò de tèmi. Ṣòkòtò funfun tí mo rà torí ọjọ́ náà ni mo wọ̀, okùn yẹn á sì ba ìlà àyọ́nù rẹ̀ jẹ́.

Ó ku ẹyọ kan: bí wọ́n ṣe ń ti orí ọkọ̀ bọ́ sórí afárá èbúté. Mo ní ọwọ́ kan ni ti ọkọ̀, ọwọ́ kan ni ti ara ẹni. Mo ní ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ wà níbi méjì. “Ẹ wò ó, ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe nìyí.” Mo fi ẹsẹ̀ kan síbí, mo fi èkejì sọ́hùn-ún, ìwé ẹ̀kọ́ mi lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù lọ́wọ́ òsì, mo sì yíjú sí àbúrò ìyàwó mi kó lè ya fọ́tò rẹ̀.

Ọkọ̀ ò bínú. Ó kàn rọra sún. Mo rí ẹsẹ̀ mi méjèèjì tí wọ́n ń jìnnà síra, mo sì ní àyè láti ronú, ìyẹn gan-an ló burú jù. Mo ronú pé kí n fò. Mo ronú nípa ṣòkòtò. Ṣòkòtò ló kọ́kọ́ fèsì: ó ya fàà láti ìdí dé orúnkún. Mo já sómi gbùúm.

Oṣù Karùn-ún ni, ṣùgbọ́n oòrùn rẹ̀ ò tíì dé inú omi. Òtútù já èémí gbà lẹ́nu mi; mo ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá. Jákẹ́ẹ̀tì wú bí mo ti ṣèlérí, ó sì gòkè bí mo ti ṣèlérí, títí ó fi dí etí mi méjèèjì, tó jẹ́ pé imú mi nìkan ló yọ, bíi ti erinmi. Gẹ̀ẹ́sì sá. “Ẹ gbà mí o!” Ẹ̀yìn náà ni mo wá rí i pé Mayday ni mo pè, lédè Yorùbá.

“Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bẹ́ tẹ̀ lé e!” Àǹtí tí mo rò pé wọ́n ń tòògbé. Ohùn wọ́ọ̀dù ni, ohùn ẹni tó ti pàṣẹ fún dókítà. Wọ́n ní kí àbúrò ìyàwó mi na ìka sí mi, kó má gbójú kúrò lára mi, bí mo ti kọ́ wọn nípa ẹni tó bá bọ́ sáàárín òkun. Mi ò ju mítà méjì sí i lọ. Ọmọ náà na ìka tọkàntọkàn, ó ń fi ọwọ́ kejì ya fídíò. Ìyàwó mi ju rọ́bà ìdóòlà. Iwájú orí mi ló bà. “Fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi! Má jà! Jẹ́ kí èémí rẹ padà!” Ohun tí àwọn RNLI, tó ti ń yọ èèyàn lómi láti 1824, ń kọ́ni gan-an nìyẹn. Ó wà ní ojú ìwé kejì nínú ìwé ẹ̀kọ́ mi, èyí tó ń léfòó lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nígbà tí mo tún gbójú sókè, Àǹtí ti wọnú ọkọ̀ lọ. Ìdí rédíò ni ọ̀rẹ́ mi ti bá wọn. “Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tíì pe Mayday,” ni wọ́n sọ fún un, “ó ku méjì.” Bọ́tìnnì tí wọ́n tẹ̀ kọ́ ni bọ́tìnnì rẹ̀, Ọlọ́run yọ àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun. Ta ni mo fẹ́ dá lẹ́bi? Mi ò kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àkàsọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo bá gòkè, ìgbésẹ̀ mẹ́rin, bí ẹni ń gun òkè Olúmọ.

A ṣì lọ. Ìró Àǹtí ni mo ró, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì mìíràn tí ọ̀rẹ́ mi yá mi. Nígbà tí a sún mọ́ yanrìn Bramble láàárín Solent, ó fẹ́ tù mí nínú. Ó ní ní oṣù Kọkànlá 2008, QE2 pàápàá, ọkọ̀ ńlá tó gùn tó nǹkan bíi mítà 293, fìdí kọ́ sórí yanrìn yẹn, àfìgbà tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké wá fà á kúrò. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ilé. Àǹtí gbé ṣíbí ìrẹsì wọn sílẹ̀.

“Ìyẹn ò kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́ kó tó kọ́ sórí yanrìn.”

Ní Cowes, mo dìde kí n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Àǹtí na ọwọ́ dí ọ̀nà. Wọ́n yẹ agolo mi wò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá okùn abẹ́ ìtàn náà rí lábẹ́ ìró, wọ́n fà á títí ojú mi fi là.

“Gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹṣin mi.”

Mo gbé e.